Ìkẹsàn-án

Ọmọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ní Arakale gbé ráàmù méjì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n kà wọ́n. Mo ní méjì ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá, Àǹtí, àwọn dúdú dúdú tó wà lára wọn yẹn ni kẹ́ ẹ kà." Mo ka ti ọwọ́ ọ̀tún, mẹ́jọ ni. Mo ka ti ọwọ́ òsì, mẹ́sàn-án. Ọgbọọgba ni wọ́n, àwọ̀ ewé ni àwọn méjèèjì, eyín wúrà wẹ́wẹ́ kan náà ló tò sí ìsàlẹ̀ wọn. Ó fi èékánná kan ìkẹsàn-án. "Eléyìí ò bá wọn gbé ẹrù o. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa ṣọ́ àwọn mẹ́jọ yòókù, kí wọ́n má baà ṣì í gbé."

Ó ti tó oṣù mélòó kan. Mo ti ra ohun tí mo lọ rà, ẹ̀rọ náà sì ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ wa l'Àkúrẹ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkẹsàn-án yẹn kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Mo lè máa ro àmàlà lọ́wọ́ kó tún yọ sí mi.

Ohun tí mo ń wá kò le. Mo fẹ́ ẹ̀rọ kan tí yóò kó gbogbo àwòrán, fídíò àti ohùn tó wà nílé wa jọ síbì kan, kí a lè máa wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí fóònù láìra dátà. Sáfà ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é. Ti olówó wà lọ́jà. Tèmi ni kọ̀ǹpútà Dell tòkunbọ̀ kan tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì l'ókè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ráàmù gíìgì mẹ́rin péré ló sì bá a wá. Ẹrù tó ń dúró dè é pọ̀: fídíò ìgbéyàwó àwọn àbúrò mi, ti ìsìnkú bàbá mi, orin Sunny Adé ọmọ Oǹdó àti ti Orlando Owoh tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà sí kásẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló mú mi dáwọ́ lé gbogbo rẹ̀. Ohùn Yèyé, ìyá bàbá mi, ló wà níbẹ̀, níbi tó ti ń ki bàbá mi lọ́jọ́ tí wọ́n ṣílé l'Oǹdó ní 1987. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí Yèyé lọ. Ohùn rẹ̀ kò sí níbòmíràn.

Àwọn oníṣòwò máa ń pe ráàmù ní mémórì, ẹni tó bá sì fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ á ní ìrántí ni. Mo rò ó títí, n kò gbà. Bí wọ́n bá mú iná lọ báyìí, gbogbo ohun tó wà nínú ráàmù ló ń pòórá lójú ẹsẹ̀. Irú ìrántí wo nìyẹn? Háàdì dísìkì ló ń rántí. Ó lè wà nínú àpótí fún ọdún méjì, kí o tan iná sí i, kó sì gbé ohun tí o fi pa mọ́ fún ọ. Ráàmù sún mọ́ àtẹ. Ẹ wo ìyá aláta ní ọjà Ọba: ẹrù rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù, ohun tí àwọn oníbàárà ń béèrè láàárọ̀ yẹn nìkan ló kó sórí àtẹ. Bí àtẹ bá fẹ̀, kò ní máa sáré wọ ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ìgbà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á palẹ̀ mọ́, ẹ kò ní bá ẹyọ ata kan lórí rẹ̀.

Báwo wá ni àtẹ ilé tiwa ṣe yẹ kó fẹ̀ tó? Oríṣiríṣi ni mo gbọ́. Àwọn kan ní gíìgì ráàmù kan fún tẹ́rà dísìkì kọ̀ọ̀kan. Àṣà àtijọ́ láàárín àwọn tó ń lo ZFS, ètò kan tó ń to fáìlì sórí dísìkì, nìyẹn, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò mọ òfin bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe TrueNAS, ètò kan tí wọ́n fi ń darí irú sáfà bẹ́ẹ̀, ní kí ráàmù má dín ní gíìgì mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò ní ju pé kó gbé fíìmù láti inú dísìkì kó sì tì í sí tẹlifíṣọ̀n, gíìgì mẹ́rin á gbé e, mẹ́jọ á sì jẹ́ kó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Fíìmù kì í wọ inú ráàmù lódindi. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá, bí ẹni ń fi igbá bu omi nínú àgbá. Ẹni tó bá ki gíìgì méjìlélọ́gbọ̀n bọ ẹ̀rọ pálọ̀ ẹni mẹ́rin, fújà ló fi owó dísìkì ṣe.

Owó náà sì ti gorí igi. Ọmọkùnrin yẹn dárúkọ iye kan, mo pa ẹnu mọ́. "Àǹtí, kì í ṣe èmi o. Àwọn tó ń ṣe é ni." Òótọ́ ló sọ. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta, Samsung, SK Hynix àti Micron, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ráàmù gbogbo ayé, wọ́n sì ti yíjú sí àwọn gbọ̀ngàn ńláńlá tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀rọ ní ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Micron kéde pé òun ń dáwọ́ Crucial dúró, ìyẹn ráàmù tó ń tà fún àwa ará ilé. Mo dúró nínú oòrùn Arakale, mo ń ronú pé ẹ̀rọ kan tí n kò mọ̀ l'Amẹ́ríkà ló ń bá mi du ibi tí ohùn Yèyé máa gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án.

Àmì méjì péré ni kọ̀ǹpútà mọ̀, òdo àti ení. Àmì mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń tò pọ̀ kó tó di lẹ́tà kan. Bàbá mi ní àbúrò kan tó jẹ́ babaláwo, mo ṣì rántí ìka rẹ̀ lórí ìyẹ̀rosùn: ibì kan ẹyọ kan, ibì kan méjì, títí ojú mẹ́jọ á fi pé. Odù 256 ni ojú mẹ́jọ yẹn lè bí. Àmì mẹ́jọ inú kọ̀ǹpútà náà, 256 ni. N kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì o. Ìṣirò kan náà ni, ìṣirò kì í sì í ní ìlú. Ṣùgbọ́n bí ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, Èjì Ogbè ni. Kí ìka babaláwo ṣèèṣì tẹ méjì sí ìsàlẹ̀ pátápátá lápá òsì, kí méje yòókù wà bí wọ́n ṣe wà, kì í ṣe Èjì Ogbè mọ́, Ogbè Ògúndá ni. Ẹsẹ mìíràn, ẹbọ mìíràn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ẹni tó wá dífá máa gbé relé. Àwa tí à ń kọ Yorùbá náà mọ ewu yìí. Ọkọ́ tí a fi ń roko àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí Oǹdó, àmì orí kan ló là wọ́n láàárín.

Ráàmù sì máa ń ṣèèṣì. Ní 1978, àwọn onímọ̀ méjì ní Intel, May àti Woods, fi hàn pé ìtànṣán tín-ín-tín tó ń jáde láti ara ohun tí wọ́n fi bo ẹ̀yà ráàmù lè sọ òdo di ení. Ìtànṣán tó ń ti òfuurufú wá náà lè ṣe é. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2003, wọ́n fi ẹ̀rọ dìbò ní Schaerbeek ní orílẹ̀-èdè Belgium, olùdíje kan sì gba ìbò tó ju iye tó ṣeé ṣe lọ; ìbò 4096 ló lé lórí iye tó ní gan-an. Wọ́n tú ètò inú ẹ̀rọ náà wò, wọn kò rí àléébù kankan. Ohun tí wọ́n gbà pé ó ṣeé ṣe jù ni pé àmì kan ṣoṣo ló yí padà nínú mémórì ẹ̀rọ náà, nítorí 4096 ni iye àmì kẹtàlá gan-an. Ní 2009, àwọn tó ka àṣìṣe inú ráàmù àwọn ẹ̀rọ Google jáde wá sọ pé láàárín ọdún kan, ráàmù tó lé ní mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣe àṣìṣe ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé kò pariwo. Ẹ̀rọ tó bá kú, o mọ̀ pé ó kú. Eléyìí á gbé irọ́ lé ọ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ á sì dúró bíi ti olóòótọ́.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Hamming ni kò gbà. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ń fún un láyè lórí ẹ̀rọ ìṣirò wọn. Á gbé iṣẹ́ sórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ẹtì, á dé lọ́jọ́ Ajé, á bá a pé ẹ̀rọ kọsẹ̀ lára àṣìṣe kan, ó sì ti pa iṣẹ́ rẹ̀ tì. Inú bí i. Bí ẹ̀rọ bá lè mọ̀ pé òun ṣìṣe, kí ló dé tí kò lè mọ ibi tí òun ti ṣe é, kó sì tún un ṣe? Ó kọ ìdáhùn rẹ̀ jáde ní 1950. Òun ni ìyá ìkẹsàn-án tí mo rí ní Arakale: bí àmì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta bá ń kọjá, àmì mẹ́jọ mìíràn á máa bá wọn rìn gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Bí ọ̀kan bá yí, àwọn ẹlẹ́rìí á mọ èyí tó yí, wọ́n á dá a padà láìda ẹnikẹ́ni láàmú. Bí méjì bá yí lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò lè tún un ṣe mọ́, àmọ́ wọ́n á figbe ta.

Nígbà tí mo gbọ́ èyí tán, ọ̀dọ̀ babaláwo ni ọkàn mi tún lọ. Bí wọ́n bá pé jọ, tí ọ̀kan ń kì Ifá, àwọn tó yí i ká kì í dákẹ́. Wọ́n á máa fi "hin" gbè é, gbólóhùn lórí gbólóhùn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé orin ni wọ́n ń gbè. Wándé Abímbọ́lá, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí, ti ṣàlàyé pé ẹni tó bá ṣi ẹsẹ Ifá kì láwùjọ wọn, wọ́n á tọ́ ọ sọ́nà, bó bá sì ta kú, wọ́n á dá a dúró. Hin yẹn ni àṣọ́bodè. Ẹnu kan kò tó láti pa ọ̀rọ̀ mọ́. Etí mìíràn tó ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin náà á rò pé mo ra oní-mẹ́sàn-án. Owó rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọmọkùnrin yẹn ló dá mi dúró. Ó tú ìdérí ẹ̀rọ mi, ó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo máńbọ́ọ̀dù rẹ̀, ó mi orí. Máńbọ́ọ̀dù mi kò mọ iṣẹ́ ìkẹsàn-án. Bí ráàmù bẹ́ẹ̀ bá tilẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ yẹn á kàn jókòó lásán. Èyí tó ń wá láti ara sáfà ńlá, tí ẹ máa ń rí lówó pọ́ọ́kú, a máa wọ ihò rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní jí. "Ọ̀pọ̀ ló ti rà á torí pé kò wọ́n, wọ́n á tún gbé e padà wá bá mi jà." Ó ní kí n wo eyín rẹ̀ pẹ̀lú: DDR3 ni tèmi, eyín 240, DDR4 ní 288, ihò wọn kò bára mu. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ì bá ti tà á fún mi.

Gíìgì mẹ́rin kan, oní-mẹ́jọ, ni mo rà kún ti tẹ́lẹ̀. Ó mú írésà pẹ́ńsù, ó fi ra eyín méjèèjì títí wọ́n fi ń dán bíi yẹtí tuntun, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ihò, ó tẹ̀ wọ́n wọlé, wọ́n dún kọ́ lápá ọ̀tún, kọ́ lápá òsì. Owó tó ṣẹ́ kù ni mo fi ra dísìkì kejì, torí ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Nígbà tí mo délé, mo fi Memtest86+ dán ráàmù náà wò láti alẹ́ dọ́jọ́ kejì lórí ínfátà, ètò náà ń kọ nǹkan sí i, ó ń kà á padà, ó tún ń kọ òmíràn. Kò rí àṣìṣe kankan. Mo gbé ohùn Yèyé sórí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọkàn mi balẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Màmá Oǹdó dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, ọmọ tí Yèyé bí. Ó wá kí dókítà lè wo ojú rẹ̀ ní Àkúrẹ́, wọ́n sì ti kán oògùn sí i, kò ríran dáadáa lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo rò pé kí n fi kásẹ́ẹ̀tì náà dá a lára yá. Mo tàn án. Ohùn Yèyé kún pálọ̀, tín-ín-rín, ó ń sáré, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n láti kékeré.

Màmá Oǹdó tẹ́tí. "Ta nìyí?"

"Yèyé ni, mà."

"Yèyé wo?"

Mo rò pé kò gbọ́ dáadáa. Mo yí ohùn sókè. Ó gbọn orí. "Ọ̀rọ̀ Yèyé mi ni, àmọ́ kì í ṣe ohùn rẹ̀. Ohùn Yèyé mi wúwo. Bó bá ń kì ọ́, àyà rẹ ni wàá ti gbọ́ ọ. Ọmọdé ló ń sọ̀rọ̀ yìí."

N kò lè dáhùn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà. Ohùn tí mo ń pè ní ohùn Yèyé láti ọjọ́ yìí wá, inú kásẹ́ẹ̀tì ni mo ti kọ́ ọ. Mo bi í bóyá ó rántí ọjọ́ ìṣílé yẹn. Ó rántí gbogbo rẹ̀: kòkó tí òjò pa, àgùntàn tó já, rédíò bàbá mi tí wọ́n fi gba ohùn. "Bátìrì rẹ̀ ti kú. Èmi ni mo sá a sórí páànù láàárọ̀ ọjọ́ náà kó lè ta padà."

Ó wá yé mi. Bátìrì tó ti rẹ̀ ń fa kásẹ́ẹ̀tì lọ́ra. Ohun tí a bá gbà nígbà tí téèpù ń fà, bí a bá tàn án lórí rédíò tó ní agbára, á sáré, ohùn á sì di tín-ín-rín. Àṣìṣe náà ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Kò sí àmì kan tó yí padà nínú ẹ̀rọ mi. Ká ní mo rí ìkẹsàn-án yẹn rà, tọkàntọkàn ni ì bá fi ṣọ́ ohùn tí kì í ṣe ti Yèyé, lẹ́tà lórí lẹ́tà.

Mo ṣí ètò tí a fi ń tún ohùn ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sẹ́yìn. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Màmá Oǹdó di ojú, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ìdá méjì. Ìdá mẹ́rin. "Ó ń bọ̀." Ìdá mẹ́fà. Nígbà tí mo dé méje, ọwọ́ rẹ̀ gòkè. Kò sọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin àgbà kan ló wà ní pálọ̀, ó wúwo, kò kánjú, n kò sì mọ̀ ọ́n rí.

Wọ́n mú iná lọ. Ínfátà ti kú láti àárọ̀, n kò sì tíì tẹ bọ́tìnnì tí ìbá fi méje yẹn pa mọ́. Orí àtẹ ló wà. Òkùnkùn bo pálọ̀, Màmá Oǹdó sì ń parí oríkì náà fúnra rẹ̀ níbi tí Yèyé ti dúró.

Aago mẹ́sàn-án kọjá kí iná tó dé. N kò sọ iye tí a dé fún un. Mo fẹ́ mọ nǹkan kan, inú mi kò sì dùn pé mo fẹ́ mọ̀ ọ́n, ó dà bíi pé mo ń dán àgbà wò. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè lọ́tẹ̀ yìí, láti méjìlá, mo ń bọ̀ nílẹ̀. "Ó ti fà jù. Ọkùnrin nìyí." Mọ́kànlá. Mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án, ó yí ojú sápá kan. Mẹ́jọ, ó ní ó kù díẹ̀. Ní méje, ọwọ́ rẹ̀ gòkè, ó dúró lókè.

Mo pa á mọ́ sórí dísìkì méjèèjì kí n tó mí. Ìdajì kásẹ́ẹ̀tì náà ṣì kù, ibi tí bátìrì ti rẹ̀ jù, tí ohùn ń sáré sí i bó ṣe ń lọ, tí méje kò lè tó. Màmá Oǹdó ní ọjọ́ Ẹtì tí òun dá láti padà sílé, kí n pe dẹ́rẹ́bà, kí n ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.